Ọ̀rọ̀ Tí Tíṣà Kọ Nípa Mi

Òórùn kòkó tí wọ́n sá sẹ́bàá títì ní Ìjù ló rán mi létí ọ̀sán ọjọ́ kan l'Óǹdó, nígbà tí mo wà lọ́mọdé.

Mo ti fọ́ ẹyin lábẹ́ adìẹ kan tó ń sàba, tí tíṣà wa ń sìn, kí n lè rí ọmọ inú rẹ̀. Tíṣà wá kọ "inquisitive" sí káàdì èsì ìdánwò mi. Ìyá mi ò gbọ́ òyìnbó. Ó mú pankẹ́rẹ́, ó fà mí lọ bá bàbá àgbà kan tó jẹ́ tíṣà ládùúgbò wa, tó ń fẹsẹ̀ yí kòkó lórí ẹní.

"Bàbá, ṣé wọ́n bú u ni?"

Bàbá wo káàdì, ó wo pankẹ́rẹ́, ó wo ojú mi.

"Wọ́n ní ó ń fẹ́ mọ ìdí nǹkan. Abéèrè kì í ṣìnà."

Ìyá mi ju pankẹ́rẹ́ sílẹ̀. Mo mí kanlẹ̀.

Èmi náà ti di tíṣà báyìí, mo sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ "inquisitive" yẹn náà ni òyìnbó fi ń bú ẹni tó ń tojú bọ ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀. Bàbá kúkú mọ̀.