Dùndú Tí Kò Níyọ̀

Ìyá mi kì í fi ọ̀rọ̀ oúnjẹ ṣeré. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni, ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí i nídìí gáàsì, ẹ ó rò pé ibẹ̀ ni wọ́n ti gbà á síṣẹ́. Lọ́dún tó kọjá, mo mú ọmọbìnrin mi wá sílé rẹ̀ ní Aké láti ìlú òyìnbó tí à ń gbé. Ìsinmi la pè é, àmọ́ mo fẹ́ kí ọmọ mi wà láàárín àwọn èèyàn tí kò ní máa wo àwọ̀ rẹ̀.

Ọmọ kan ní kíláàsì rẹ̀ lọ́hùn-ún ni kò jẹ́ kó jókòó ti òun nídìí oúnjẹ ọ̀sán. Ó ní ọwọ́ dúdú rẹ̀ yóò kó ìdọ̀tí bá oúnjẹ òun. Inú bí mi débi pé omijé gan-an kọ̀, kò jáde. Mo lọ bá àwọn olùkọ́ wọn, mo sọ tẹnu mi, n kò fi ọ̀kan pa mọ́. Nígbà tí a délé, mo sọ fún ọmọ mi pé ara rẹ̀ kò ní àbùkù kankan. Mo ní bí ẹnikẹ́ni bá tún ya èèyàn sọ́tọ̀ nítorí àwọ̀ ara, ìbáà ṣe òun, ìbáà ṣe ẹlòmíràn, kó má dákẹ́, kó béèrè ìdí rẹ̀ lójú gbogbo ayé.

Ó ní, "Ẹnikẹ́ni?"

Mo ní ẹnikẹ́ni. N kò mọ̀ pé ilé ìyá mi ni ọ̀rọ̀ náà máa balẹ̀ sí.

Obìnrin télọ̀ kan ló háyà yàrá lọ́wọ́ ìyá mi, òun àti ọmọbìnrin rẹ̀ tó jẹ́ àfín. Kò pẹ́ tí a dé tí ọmọ náà àti tèmi ti di kòríkòsùn. Ìyá mi fẹ́ràn rẹ̀. Òun ló ra fìlà elétí gbòòrò fún un ní Ìtòkú nítorí oòrùn, òun ló sì ń kọ́ ọ ní ìṣirò.

Lọ́jọ́ Sátidé kan tí télọ̀ ti lọ síbi iṣẹ́, ìyá mi dín dùndú. Ó kọ́kọ́ dín ti ọmọ télọ̀ lọ́tọ̀ kó tó bu iyọ̀ sí tàwa yòókù, ó sì kó o sínú àwo aláwọ̀ ewé kan tí n kò rí kí ẹlòmíràn fi jẹun nínú ilé yẹn. Ọmọ náà kúnlẹ̀ gbà á, ó lọ jókòó sórí àtẹ̀gùn. Àwa tó kù yí àwo ńlá kan ká.

Ọmọ mi kò fọwọ́ kan oúnjẹ. "Màmá Àgbà, kí ló dé tí àwo tiẹ̀ fi yàtọ̀?"

"Àfín kì í jẹ iyọ̀, ọkọ mi. Máa jẹun."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

Ìyá mi wò mí. Mo mọ ìwò yẹn láti kékeré: pa ọmọ rẹ lẹ́nu mọ́. Ọmọ àbíire kì í bá ìyá rẹ̀ jiyàn níwájú ọmọ, pàápàá lórí oúnjẹ tí ìyá fi ìfẹ́ sè. Bẹ́ẹ̀ sì ni ọmọ mi náà ń wò mí. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Bí mo bá dákẹ́, á mọ̀ pé àwọn òyìnbó nìkan ni ẹ̀kọ́ mi wà fún.

Mo kúnlẹ̀. "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Oòrùn ló ń pa àfín lára, kì í ṣe iyọ̀."

"Ìwọ ló wá ń kọ́ mi? Ọmọ tí mò ń tọ́jú bí ẹyin ojú!" Ó yíjú sí àtẹ̀gùn. "Ìwọ, wá ńbí. Ṣé o máa ń jẹ iyọ̀?"

Ọmọ náà wo ilẹ̀. "Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Èmi àti màmá mi la jọ ń jẹ ẹ́."

"Kí ló wá dé tí o ò sọ fún mi láti ọjọ́ yìí?"

"Màmá mi ní kí n máa dúpẹ́, kí n máa jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀, kí ẹ má baà lé wa jáde."

Ìyá mi gba àwo aláwọ̀ ewé náà, ó da dùndú inú rẹ̀ mọ́ tiwa, ó sún, ó sì fọwọ́ gbá ẹ̀gbẹ́ ara rẹ̀ pé kí ọmọ náà wá jókòó síbẹ̀. Ọmọ náà jókòó. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ aṣọ dáadáa kó tó nà án sínú àwo.