Abẹ́rẹ́ Tí Mo Fi Ìbínú Gbà

A ò tíì dé ìdajì àgbàlá tí mo fi mọ̀ pé nǹkan ò dáa. Èmi àti Àbẹ̀kẹ́ gbé ògbólógbòó ilẹ̀kùn kan, a gbé ọlọ ìyá onílé wa ní Máfolúkù lé e lórí, à ń fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbé aláìsàn sáré. Àwa méjèèjì la fẹ́ wọ ilé-ẹ̀kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ áńbúláǹsì n'Ísọlọ̀. Owó epo rọ̀bì ti dé, ọkọ̀ pọ̀ lójú títì, àwọn tó ń farapa náà pọ̀. Àyà gún mi lójijì. Mo wúkọ́, mo tutọ́, ẹ̀jẹ̀ ló wà níbẹ̀.

Mo ní kí Àbẹ̀kẹ́ má sọ fún ẹnikẹ́ni. Yàrá kan là ń gbé, abọ́ kan la fi ń jẹun. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń làágùn lóru, tí aṣọ ń tóbi mọ́ mi lára, ibà ni mo ń pè é.

Lọ́jọ́ ìńtáfíù, wọ́n ní àyè obìnrin kan péré ló kù. Àbẹ̀kẹ́ ló kọ́kọ́ wọlé. Nígbà tó kàn mí, dókítà tó ń yẹ̀ wá wò ò tilẹ̀ bi mí lórúkọ.

"Ọ̀rẹ́ ẹ ní ò ń wúkọ́ ẹ̀jẹ̀. Ṣé òótọ́ ni?"

Àbẹ̀kẹ́ wọ ilé-ẹ̀kọ́, èmi di èrò ọsibítù. Ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà, inú ilé laṣeni ń gbé.

Ikọ́ ife ni. Kòkòrò kan ló ń fà á, afẹ́fẹ́ ló ń gbé e láti ẹnu ẹni tó ń wúkọ́, ẹ̀dọ̀fóró ló sì ń jẹ díẹ̀díẹ̀. Kì í ṣe èpè rárá. Abẹ́rẹ́ ojoojúmọ́ ni, pẹ̀lú oògùn tó ń rí mi lára. Bẹ́ǹṣì wà níbi tí a ti ń dúró de nọ́ọ̀sì, àmọ́ ìdí mi ò gba ìjókòó mọ́. Àbúrò ìyá mi, tó wá láti Ìkìrun, ló ń fi aṣọ gbígbóná tẹ̀ ẹ́ fún mi.

Nígbà tí ikọ́ dá, ọ̀pọ̀ àwọn tí a jọ ń tò ò wá mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Kòkòrò náà sùn ni, kò tíì kú. Èmi ò pa ọjọ́ kan jẹ. Kì í ṣe ọgbọ́n o, ìbínú ni. Bí abẹ́rẹ́ bá ti wọlé, màá pe orúkọ Àbẹ̀kẹ́ sínú.

Ó wá kí mi lẹ́ẹ̀kan, tòun ti yunifọ́ọ̀mù.

"Torí kó o lè tọ́jú ara ẹ ni mo ṣe sọ."

"Irọ́ lo pa! Àyè kan ló kù."

Nígbà tó lọ, àbúrò ìyá mi ní, "Gbàgbé ẹ̀, ọmọ mi."

"Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, mà. Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé."

Fótò inú àyà mi tí wọ́n yà kẹ́yìn mọ́. Dókítà ní ká ní mo pẹ́ díẹ̀ sí i kí n tó wá gba ìtọ́jú ni, ẹ̀dọ̀fóró kan ì bá ti lọ. Mo tún padà sí ilé-ẹ̀kọ́ náà, wọ́n ní kí n gbé aláìsàn láti ìpẹ̀kun gbọ̀ngàn dé ìpẹ̀kun kejì. Mo gbé e, mi ò wúkọ́. Wọ́n gbà mí.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run àti àbúrò ìyá mi. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀dọ̀fóró mi tó fara dà á, àti ìdí mi tó gba gbogbo abẹ́rẹ́ yẹn. Ní ti Àbẹ̀kẹ́, mo mọ̀ dájú pé òun ló gbà mí là. Mi ò sì tíì dárí jì í.