Òfin tí Rédíò Gbé Wá sí Bantè

Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin ni mí nígbà tí àbúrò mi obìnrin pàdánù oko kajú ọkọ rẹ̀ olóògbé ní kóòtù Savalou. Gouka ni oko náà wà. Òun àti ọkọ rẹ̀ ni wọ́n jọ gbìn ín. Àbúrò ọkọ rẹ̀ ni kóòtù dá láre.

Kò sunkún. Ó ní òun máa pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, ṣùgbọ́n kí òun kọ́kọ́ wa iṣu tán.

Mo ní, "Ìgbà wo lo máa wa iṣu tán?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má kánjú. Oṣù mẹ́ta ni òfin fún wa."

"Òfin wo?"

Ó nawọ́ sí aládùúgbò rẹ̀, ọmọ Nàìjíríà tó ń ta epo ọkọ̀ lẹ́bàá títì Bantè. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín.

"Bàbá Tíṣà, etí mi yìí ni mo fi gbọ́ ọ. Lọ́yà ló sọ ọ́ lórí rédíò, Yorùbá tó já gaara!"

"Rédíò ìlú wo?"

"Ti ọ̀dọ̀ wa ní Nàìjíríà ni." Àbúrò mi pàtẹ́wọ́. "Yéè! Mò ń lọ Savalou, o gbé mi gba Àbújá!"

N kò bá a wí. Gbogbo wa la máa ń gbọ́ rédíò wọn, torí èdè wa jọra. Mo kàn ṣàlàyé fún un bí mo ti máa ń ṣe ní kíláàsì: Porto-Novo ni àwọn aṣòfin tiwa ti ń jókòó. Wọ́n á jiyàn, wọ́n á dìbò, Ààrẹ á fọwọ́ sí i, kó tó di òfin. Ohùn rédíò lè fò kọjá ààlà. Òfin kì í bá a fò. Oṣù kan ni òfin tiwa fún irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀, oṣù náà sì ti ń tán lọ.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọlọ́jà epo náà fúnra rẹ̀ fi alùpùpù gbé àbúrò mi lọ sí Savalou; mo gun ti akérò tẹ̀ lé wọn. Akọ̀wé kóòtù fi èdè Mahi kí wa, ó wá ń sọ Faransé, mo sì ń túmọ̀. Ó kọ ẹjọ́ náà sílẹ̀ kí wọ́n lè tún un gbọ́ ní kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní Abomey.

Ó ní, "Màmá, díẹ̀ ló kù kẹ́ ẹ bá ilẹ̀kùn ní títì."

Ó pẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n Abomey dá oko náà padà fún un. Nígbà tó ṣa kajú àkọ́kọ́, ilé ọlọ́jà epo ló kọ́kọ́ gbé agbọ̀n lọ, kó tó dé ọ̀dọ̀ mi. Ọkùnrin náà ṣì ń ròyìn rédíò fún wa, àmọ́ ó máa ń fi kún un pé, "Ti Nàìjíríà ni o!"

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ti àbúrò mi kọ́gbọ́n: bí ẹnikẹ́ni bá sọ òfin fún yín, ẹ kọ́kọ́ béèrè ìlú tó ni ín.