Irin Tí Télọ̀ Fi Sílẹ̀ Lórí Ìkọ́

Bí ẹ bá rí télọ̀ àdúgbò wa nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, ẹ ó rò pé ohun ìṣeré ọmọdé ni wọ́n gbé síwájú rẹ̀. Ọkùnrin náà síngbọnlẹ̀. Apá rẹ̀ tóbi ju itan ẹlòmíì lọ, àyà rẹ̀ fẹ̀ bí ilẹ̀kùn, ṣùgbọ́n bó bá fẹ́ ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́, ṣe ni yóò yọ ahọ́n síta bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi tó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ̀wé. Kò sẹ́ni tó ń pe orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ mọ́. Télọ̀ Onírin là ń pè é, òun náà sì ń jẹ́ ẹ. Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, òun ló ń rán ṣòkòtò mi, ibi tó ti ń fi téèpù wọn ìbàdí mi ló ti sọ púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí fún mi.

Jíìmù, ilé eré ìdárayá tó wà lókè ilé ìtajà bàtà ní ìkóríta, ló sọ ọ́ di Onírin. Jíìmù olówó pọ́ọ́kú ni, ọ̀kan lára àwọn tó jẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo ló ni gbogbo wọn, tí ẹ̀ka wọn sì kún ìlú. Bí ẹ bá ti wọ ọ̀kan, ẹ ti wọ gbogbo wọn nìyẹn: ògiri aláwọ̀ àlùkò kan náà, dígí kan náà, orin kan náà tó ń pariwo mọ́ni létí. Ìdí tí kò fi wọ́n kò fara sin. Kò sí ẹni tó ń kọ́ èèyàn níbẹ̀. Ọmọbìnrin kan ló máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà, òun ló ń forúkọ èèyàn sílẹ̀, òun ló ń nu ilẹ̀, òun náà ni wọ́n ń pè bí omi kò bá yọ lẹ́nu ẹ̀rọ. Wọ́n wá kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri pé: KÓ IRIN RẸ PADÀ SÍ ÀYÈ RẸ̀. Gbogbo èèyàn ló ń kà á. Díẹ̀ ló ń ṣe é.

Lẹ́yìn àwọn ẹ̀rọ ìsáré, níbi tó jìnnà sí ẹnu ọ̀nà, ni ibùdó àwọn alágbára wà. Ará Ìdí Dígí ni wọ́n ń pe ara wọn. Télọ̀ ni àgbà wọn, mẹkáníìkì kan sì ni igbákejì rẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gbé irin wúwo, tí wọ́n ń kérora bí ẹni tó ń rọbí, tí wọ́n á sì dìde wo apá ara wọn nínú dígí. Wọ́n fẹ́ràn jíìmù náà gan-an, torí irin pọ̀ níbẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ń yọ wọ́n lẹ́nu. Ẹni tuntun ńkọ́? Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́, àmọ́ ọjà tiwọn yàtọ̀. Àgbà kún ibẹ̀ fọ́fọ́, orí ọmọ tuntun ń wọ́ lọ́tùn-ún lósì, dígí ni àwọn àgbà kọjú sí.

Télọ̀ ní ẹ̀gbọ́n obìnrin kan, onídìrí ni. Nínú ilé tí ìyá wọn fi sílẹ̀ ló ń gbé, yàrá iwájú ló ti ń dirun, kò sì jìnnà sí ṣọ́ọ̀bù Télọ̀. Ẹ̀gbọ́n yìí ló tọ́ ọ dàgbà nígbà tí ìyá wọn kú. Bí Télọ̀ bá bọ́ṣọ, ilẹ̀ laṣọ yóò wà. Bó bá jẹun, ibi tó ti jẹun labọ́ yóò jókòó sí. Ẹ̀gbọ́n á sá aṣọ, á kó abọ́, á máa kùn pé, "Ta ni yóò fẹ́ ìwọ yìí?" Ẹnì kan padà fẹ́ ẹ ṣá. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n ló ṣì ti ń jẹ oúnjẹ ọ̀sán, abọ́ rẹ̀ ò sì tíì mọ ọ̀nà ilé ìdáná. Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé.

Ìdúró pípẹ́ nídìí orí àwọn oníbàárà ti ń ba ẹ̀yìn ẹ̀gbọ́n jẹ́. Dókítà ní kó wá ibi tí yóò ti máa ṣe eré ìdárayá. Ó bi àbúrò rẹ̀ lọ́jọ́ kan níbi tó ti ń jẹun.

"Jíìmù yín yẹn, ṣé ó dáa fún irú èmi? Mi ò gbé irin kankan rí o, àfi ìkòkò."

"Àǹtí mi, ó dáa fún gbogbo èèyàn. Kò wọ́n, ó mọ́, kò sí ẹ̀rọ tí kò sí níbẹ̀."

"Ta ló máa kọ́ mi?"

"Èmi ńkọ́? Ṣèbí mo wà níbẹ̀."

Ìrẹsì ló wà lẹ́nu rẹ̀ nígbà tó ń sọ ọ́, ó sì ti gbàgbé ọ̀rọ̀ náà kó tó gbé ìrẹsì ọ̀hún mì.

Ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n máa wá, ó wọ ẹ̀wù gbọọrọ kan tí Télọ̀ fúnra rẹ̀ rán fún un, ó wọ ṣòkòtò sábẹ́ rẹ̀, ó sì wọ bàtà tó máa ń wọ̀ bó bá ń lọ síbi pàtàkì. Mẹkáníìkì rí i lókèèrè, ó fi ìgbọ̀nwọ́ gún Télọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Onírin, ta lẹ mú wá yìí? Ṣé irin ni wọ́n fẹ́ gbé ni àbí wọ́n fẹ́ lọ gbowó ní báǹkì?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Télọ̀ náà bá wọn rẹ́rìn-ín, kò sì sọ pé ẹ̀gbọ́n òun ni. Ó lọ mú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gun ẹ̀rọ ìsáré, ó tẹ bọ́tìnnì, ó ní, "Ẹ máa rìn díẹ̀díẹ̀ lórí èyí. Mò ń bọ̀." Ẹ̀yin náà ṣáà mọ "mò ń bọ̀" tiwa yìí. Ẹ̀yìn ẹni tó bá sọ ọ́ lẹ máa rí.

Ẹ̀gbọ́n rìn títí ó fi sú u. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó jókòó sídìí ẹ̀rọ kan tí kò mọ ìlò rẹ̀. Ó fà á, kò wá. Ó tì í, kò lọ. Ó wo ẹnu ọ̀nà, ọmọbìnrin ẹnu ọ̀nà ń fi orúkọ ẹlòmíì sílẹ̀. Ló bá wo àbúrò rẹ̀ nínú dígí, bí ẹni tó fẹ́ bèèrè nǹkan. Télọ̀ rí i. Ojú wọn ṣe mẹ́rin. Télọ̀ gbé ojú kúrò, ó sì na ọwọ́ mú irin. Ibi tó ń dun Télọ̀ jù nìyẹn títí dòní, ó dùn ún ju ohun tó tẹ̀ lé e lọ. Àìmọye ìgbà ló ti dá téèpù dúró ní ìbàdí mi tó ní, "Mo rí Àǹtí mi o. Mo rí wọn nínú dígí."

Kò pẹ́ sí i, oníbàárà kan pè é lórí fóònù pé òun ti wà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, aṣọ òun dà? Télọ̀ ti ṣèlérí aṣọ náà títí, ẹ mọ àwọn télọ̀. Ó gbá ẹ̀wù rẹ̀ mú, ó gba àtẹ̀gùn ẹ̀yìn sọ̀ kalẹ̀. Kò dágbére fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kò sì tú irin tó gbé.

Ohun kan wà tí gbogbo Ará Ìdí Dígí mọ̀, tí ẹni tuntun kò mọ̀. Ọ̀pá irin gígùn tí Télọ̀ fi sílẹ̀ yẹn kàn gbé ara lé ìkọ́ méjì ni. Irin ribiti tí wọ́n ń pè ní pléètì ló wà ní ìparí rẹ̀ lọ́tùn-ún àti lósì, ìwúwo tọ̀tún ló di tòsì mú. Ẹni tó bá fẹ́ tú u yóò yọ ọ̀kan lápá kan, yóò yí lọ sí apá kejì, yóò yọ ọ̀kan níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa ṣe é títí yóò fi tán. Bó bá yọ gbogbo tapá kan tán lẹ́ẹ̀kan, apá kejì á já lulẹ̀, apá tó ti fúyẹ́ á fò sókè, ohunkóhun tó bá sì bá lọ́nà, ó gbé. Kò sẹ́ni tó kọ ìyẹn sára ògiri.

Ẹ̀gbọ́n lọ dúró sí apá ọ̀tún, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ pléètì. Obìnrin tó mọ ilé tọ́jú ni. Bó bá ń gbálẹ̀, ó máa ń parí igun kan kó tó bọ́ sí òmíràn. Bó ṣe gbá ilẹ̀ ló ṣe tú irin. Bó ṣe yọ pléètì tó kẹ́yìn ní apá ọ̀tún báyìí, ọ̀pá fò dìde, ó sì gbá a lọ́wọ́. Ìka méjì ló fọ́ lọ́wọ́ ọ̀tún, ọwọ́ tó fi ń jẹun tó sì fi ń dirun.

Nígbà tí Télọ̀ sáré dé ilé ìwòsàn, téèpù ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ọmọbìnrin ẹnu ọ̀nà ló gbé ẹ̀gbọ́n wá, ó ń sunkún. "Màmá, ẹ bá mi rántí, ta ló lo irin yẹn kẹ́yìn? Ọ̀gá wa ní ká wá a kàn. Onítọ̀hún ò ní wọ jíìmù wa mọ́, kò sí ẹ̀ka tó máa gbà á."

Ẹ̀gbọ́n wo Télọ̀ tó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ó ní, "Mi ò mọ̀ ọ́n o. Aláìnírònú kan ni ṣá."

Ọ̀rọ̀ dé ọ̀nà ọ̀fun Télọ̀, ó gbé e mì.

Láti ọjọ́ náà ni ara rẹ̀ kò ti lélẹ̀ mọ́. Wọ́n ti di ọwọ́ ẹ̀gbọ́n, àwọn oníbàárà rẹ̀ sì ń gba ọ̀dọ̀ onídìrí mìíràn lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Télọ̀ ń ra oúnjẹ wá, ó ń pọnmi, ó ń rán aṣọ tí kò sẹ́ni tó bẹ̀ ẹ́ rán, títí ẹ̀gbọ́n fi bi í pé, "Ṣé dókítà sọ fún ọ pé mo fẹ́ kú ni?" Kò gun àtẹ̀gùn jíìmù mọ́. Mẹkáníìkì wá bá a ní ṣọ́ọ̀bù, ó ní, "Onírin, irin ń bèèrè yín o." Ó ní ẹ̀yìn ló ń dun òun. Irọ́ ni. Ẹ̀yìn rẹ̀ kò ṣe é ní nǹkan kan, ọkàn rẹ̀ ló ń jẹ ẹ́ níyà.

Èyí tó burú jù ni ti àwọn tó ń wá kí ẹ̀gbọ́n. Kò sí ẹni tó jókòó tí kò ní wo ọwọ́ náà, kó mi orí, kó ní, "Ẹni tó fi irin yẹn sílẹ̀, Ọlọ́run á san án fún un." Gbogbo ilé á ní, "Àmín." Télọ̀ náà á ní, "Àmín." Kí ni kó wí? Bó bá dákẹ́, wọ́n á yíjú wò ó. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń fi ẹnu ara rẹ̀ ṣàmín sí èpè ara rẹ̀, níṣojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n tú ọwọ́ náà, ìka àárín kò ká mọ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Télọ̀ jẹun tán, ó jókòó, ẹ̀gbọ́n sì ń gbìyànjú láti di irun ọmọ aládùúgbò kan. Ó pín irun, ó mú un, ó lọ́ ọ, irun bọ́. Ó tún un mú, ó tún bọ́. Nígbà tó yá, ó rọra fọwọ́ gbá ọmọ náà lẹ́yìn, ó ní, "Máa lọ sílé, ọkọ mi. Sọ fún ìyá ẹ pé kí wọ́n mú ọ lọ síbòmíì."

Télọ̀ kò lè gbé e mì mọ́. Ó kúnlẹ̀ sórí irun tó dà sílẹ̀.

"Àǹtí mi, èmi ni. Èmi ni mo fi irin yẹn sílẹ̀."

Ẹ̀gbọ́n ń fi òòyà gbọn irun kúrò lára aṣọ rẹ̀. Ó ní, "Mo mọ̀."

"Ẹ mọ̀ báwo?"

"Mo rí ọ nígbà tó ò ń jáde. O ò tiẹ̀ wẹ̀yìn. Àwọn méjì kan wá ń bú ẹni tó fi irin kalẹ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n ní àwọn ń lọ fẹjọ́ rẹ̀ sùn lẹ́nu ọ̀nà. Mo ní kí n tètè bá ọ kó o kí wọ́n tó dé. Àbí o rò pé ẹrù ọmọ ẹlòmíì ni mo lọ ń palẹ̀ ẹ̀ mọ́, níbi tí mi ò ti mọ ẹnì kankan?"

Télọ̀ kò lè gbórí sókè. Ó ní, "Gbogbo ìgbà tí wọ́n ń ṣépè yẹn, ẹ ń gbọ́ tí mò ń ṣàmín."

"Mò ń gbọ́. Ìwọ ò wá gbọ́ pé èmi kì í ṣe é?"

Ó bú sẹ́kún, ọkùnrin gìrìwò yẹn. Ẹ̀gbọ́n jẹ́ kó sun ún tó, kó tó tún sọ̀rọ̀.

"Dókítà ní kí n máa gbé nǹkan díẹ̀díẹ̀, pé ìka náà ṣì lè padà wá ká. Jíìmù yín yẹn, mo tún ń bi ọ́ o. Ṣé ó dáa fún irú èmi?"

Lọ́tẹ̀ yìí, kò sí oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀. Ó rò ó. "Ó dáa fún irú àwa tá a ti mọ̀ ọ́n. Kò dáa fún ẹni tuntun tó bá dá lọ. Àfi tó bá ní ẹni tó máa dúró tì í."

"Ta ló wá máa dúró tì mí?"

"Èmi..."

"Dúró ná. Kọ́kọ́ gbé abọ́ tó o fi jẹun kúrò ńlẹ̀."

Télọ̀ wẹ̀yìn. Abọ́ náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga, ṣíbí wà nínú rẹ̀. Ó gbé e lọ sí ilé ìdáná, ó fọ̀ ọ́, ó nù ún gbẹ. Ìgbà náà ló tó mọ̀ pé òun ò mọ ibi tí wọ́n ń kó abọ́ sí nínú ilé tí wọ́n ti tọ́ òun dàgbà. Pẹ̀lú abọ́ lọ́wọ́, ó ké sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé kó jọ̀ọ́, ibo ni àyè rẹ̀ wà.