Bàbá Tí Kò Dá Ọmọ Rẹ̀ Mọ̀

Ìmọ̀ nípa ọkàn ẹ̀dá ni mo kọ́ ní yunifásítì ní Yábàá. Iṣẹ́ àṣekágbá mi dá lórí ewì ogun àtijọ́ kan láti ilẹ̀ Páṣíà, níbi tí jagunjagun kan ti pa ọmọ bíbí inú rẹ̀ láìmọ̀. Bàbá mi, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ló ń bá mi tún gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ṣe nílé wa ní Sùúrùlérè.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, wọ́n kà á dé ibi tí mo ti kọ ọ́ pé ọkàn a máa sẹ́ ohun tí kò lè gbà.

"Ṣé o ní ọkùnrin yìí mọ̀ pé ọmọ òun ni?"

"Ibì kan nínú ọkàn rẹ̀ mọ̀, sà."

Wọ́n gbé bírò sílẹ̀. Ó ti pé ọdún méjì nígbà náà tí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tí bàbá mi lé jáde nílé nítorí oògùn olóró, kú sí ọsibítù.

"Ní ọ̀sẹ̀ tí ẹ̀gbọ́n rẹ kú, mo gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́nu géètì. Ó ń pe Dádì. Mo sọ fún ìyá rẹ pé alágbe ni."

Wọn ò ka ìyókù. Mo fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ bó ṣe wà, mo sì gba máàkì tó dára. Títí dòní, a ò tíì lè sọ ọ́ fún màmá mi.