Sátidé Tí Ọmọ Mi Ní Ká Dúró Ní Jẹ́bà

Èmi yìí ni òjò lé láti Kánò dé ọjà Mile 12 l'Ékòó, tí mo fi ọkọ̀ tòmátì sá fún un, tí ẹ̀kán omi kan kò kàn mí. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí n kò lè gbàgbé ni Sátidé tí èmi àti Àbíkẹ́, àbígbẹ̀yìn mi tó ń lọ sẹ́kọ́ńdìrì, jókòó nílé wa ní Ìkòsì láti ṣètò ìrìn àjò ọlidé. Láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú, ó ku àwa méjì nínú ilé.

Mo ní a ó gbéra ní ìdájí, a ó jẹ búrẹ́dì nínú mọ́tò, a ó dé Jẹ́bà, a ó sì yí padà.

"Dádì, níbo la ti máa sọ̀ kalẹ̀?"

"Sọ̀ kalẹ̀ ṣe kí ni?"

"Mo fẹ́ tẹ́ ẹní sétí odò Ọya. Ṣé omi ibẹ̀ tutù?"

Mo ní ó tutù bíi yìnyín, pé mo máa ń wẹ̀ níbẹ̀, pé ẹja ibẹ̀ mọ orúkọ mi.

"Ta ló wá ń ṣọ́ tòmátì nígbà tí ẹ ń wẹ̀?"

Mo ní tòmátì kì í dúró de awakọ̀; bó bá pẹ́ lọ́nà, ó ti jẹrà nìyẹn.

"Dádì, èmi kì í ṣe tòmátì o. Mi ò ní jẹrà."

N kò bínú, inú mi ò sì dùn. Mo kàn ń wo ẹnu rẹ̀, tó jọ ti ìyá rẹ̀.

A ti fẹnu kò báyìí pé a máa dúró ní Jẹ́bà. Irọ́ ni mo pa nípa òjò, irọ́ sì ni ti wíwẹ̀ àti ẹja. Gbogbo ọdún tí mo fi ń gba orí afárá Jẹ́bà kọjá, n kò sọ̀ kalẹ̀ rí.