Ìbọ̀wọ́ Emil

Láti ìgbà tí ewé igi ti bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n ní ìlú Lorain ni oúnjẹ kò ti gba ọ̀nà ọ̀fun Verna Hruska lọ mọ́. Kì í ṣe àìsàn o! Ìbọ̀wọ́ ni. Ìbọ̀wọ́ awọ àtijọ́ tí Emil ọkọ rẹ̀ fi ń hán bọ́ọ̀lù nígbà èwe, tó máa ń fi òróró ra lára bí ẹni ń ra ara ọmọ tuntun. Emil ti kú. Ìbọ̀wọ́ rẹ̀ sì wà nílé Bodnar onígbàjámọ̀, Bodnar sì ń palẹ̀ ẹrù mọ́ láti kó lọ bá ọmọ rẹ̀ obìnrin ní Florida.

Báwo ni ohun ìní ọkọ ṣe dé ilé ọ̀rẹ́? Emil fúnra rẹ̀ ló fà á. Lọ́dún tí àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ irin da iṣẹ́ sílẹ̀, tí ọkùnrin kò rí nǹkan ṣe ju kó jókòó máa wo òrùlé, òun, Bodnar àti Otis Pettway dá ẹgbẹ́ asọtẹ́lẹ̀ bésíbọ́ọ̀lù, eré tí wọ́n ń fi igi gbá bọ́ọ̀lù tí wọ́n sì ń fi ìbọ̀wọ́ hán an, sílẹ̀ nínú gáréèjì Otis. Lóṣù kẹrin ọdọọdún, kí wọ́n tó ju bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ nínú ìdíje, oníkálukú á dìde, á fi ẹnu ara rẹ̀ to àwọn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù láti ipò kìíní dé ìkẹyìn. Ẹni tó bá mọ ẹgbẹ́ tó máa ṣe ipò kìíní ló jẹ. Bí ẹnikẹ́ni kò bá mọ̀ ọ́n, ẹni tó gbé ẹgbẹ́ náà sún mọ́ iwájú jù ló jẹ. Ìbọ̀wọ́ Emil ló máa gbé relé di ọdún tó ń bọ̀, ẹni tó bá sì jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta léra, tirẹ̀ ni títí ayé.

Emil tún fi òfin kan lé e. Lọ́jọ́ ìkẹyìn ìdíje, ìbọ̀wọ́ á wà lórí tábìlì, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án kí wọ́n tó lé agbábọ́ọ̀lù ìkẹyìn síta, kí eré parí. Ẹni tó bá kàn án, àsọtẹ́lẹ̀ rẹ̀ di òfo. Ó ní a kì í torí ẹran tó ṣì wà nígbó gbé ìkòkò kaná.

Òun alára kò jẹ ẹ́ rí! Ọdọọdún ló ń fi ẹgbẹ́ Cleveland, ìlú ńlá tó wà nítòsí wọn, síwájú, ọdọọdún ni Cleveland ń dójú tì í. Bodnar á ní, "Emil, ìyàwó tó ń sá lọ yìí náà lo tún fẹ́?"

Verna mọ bọ́ọ̀lù ju Emil lọ. Inú ilé ìdáná ilé ìwé ló ti ṣiṣẹ́ títí ó fi fẹ̀yìn tì, bó bá ń po ìyẹ̀fun, rédíò á máa ké ìròyìn bọ́ọ̀lù létí rẹ̀. Nígbà tí Emil kú tí wọ́n ní kó jókòó sípò ọkọ rẹ̀, Bodnar ti jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì léra. Verna mọ̀ pé Detroit ló lágbára lọ́dún náà, ó sì ti pinnu pé òun náà máa pe Detroit. Ṣùgbọ́n bó ṣe dìde lóṣù kẹrin, ojú rẹ̀ bá àga Emil. Ẹnu rẹ̀ ní, "Cleveland!"

Bodnar rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. "Ìyàwó wa, àrùn ọkọ rẹ ti ràn ọ́!" Ó fi Detroit síwájú, ó sì ti Cleveland sẹ́yìn pátápátá. Otis mú Chicago, ó fi Cleveland ṣe ìkejì.

Àfi bí Cleveland ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í borí! Nígbà tó di ọjọ́ Àìkú ìkẹyìn, òun àti Detroit ń mí sí ara wọn lọ́rùn, àwọn méjèèjì ló sì fẹ́ kojú ara wọn. Bí Detroit bá borí, ìbọ̀wọ́ ti lọ sí Florida nìyẹn.

"Mo ti mọ ibi tí mo máa gbé e sí," Bodnar wí bó ṣe gbé e kalẹ̀ sórí tábìlì. "Orí fìríìjì."

"Orí fìríìjì? Bodnar, ojú ò tì ẹ́!" ni Verna wí.

"Kí lo fẹ́, kí n fún un ní yàrá?"

"Ẹ dákẹ́, kí á gbọ́ rédíò," ni Otis wí nídìí ààrò tó ti ń sun sọ́séèjì.

Wọ́n tẹ́tí sí rédíò. Ìpele kẹsàn-án tó kẹ́yìn dé, Cleveland fi ayò kan ṣáájú. Àwọn Detroit ló ń gbá a, wọ́n ti lé méjì síta, ó ku ẹnì kan péré kí eré parí, ṣùgbọ́n méjì mìíràn ti dúró lójú ọ̀nà, bí wọ́n bá sáré délé, Detroit ló borí. Verna sún mọ́ tábìlì. Igi ba bọ́ọ̀lù: gbàà! Asọ̀rọ̀ orí rédíò pariwo pé ó ti gòkè, ó ń lọ o, ó ń lọ, ọmọ Cleveland ń fẹ̀yìn sáré tọ̀ ọ́, ó ń sáré, ó nawọ́...

Ó hán an kó tó balẹ̀! Cleveland borí!

Otis fò sókè. Verna náà fò sókè, ó na ọwọ́ òsì sí òrùlé bí ẹni tó hán bọ́ọ̀lù náà fúnra rẹ̀. Ìgbà náà ló tó rí ọwọ́ ọ̀hún. Inú ìbọ̀wọ́ Emil ló wà. Bí bọ́ọ̀lù ṣe ń bẹ lójú ọ̀run lọ́hùn-ún ló ti tọwọ́ bọ̀ ọ́, kò sì mọ̀!

Otis yíjú padà sí ààrò.

"Èmi ò rí nǹkan kan," ni Otis sọ. "Sọ́séèjì ni mò ń wò."

Bodnar wo ìbọ̀wọ́, ó wo Verna. "Oòrùn wà lójú èmi náà."

Omi lé ròrò sí ojú Verna. Ó kù díẹ̀ kó gbà bẹ́ẹ̀. "Ẹ má purọ́ nítorí mi," ó ní. "Emil ló ṣe òfin." Ó bọ́ ọ díẹ̀díẹ̀, ìka kọ̀ọ̀kan, ó gbé e padà sórí tábìlì.

"Ó dáa," ni Bodnar wí. "Tìrẹ ti di òfo, tèmi ti kú. Ta ló wá kù?"

Àwọn méjèèjì yíjú sí Otis.

"Èmi? Ìkejì ni mo fi Cleveland sí!"

"Àbí ta tún ni?" Bodnar sọ̀ sórí àga. "Yéè! Mo ní láti padà wá lóṣù kẹrin nìyẹn. Mi ò lè fi ìbọ̀wọ́ Emil sílẹ̀ fún ẹni tí ò lè sun sọ́séèjì."

Sọ́séèjì ti dúdú bí èédú lóòótọ́. Otis gbé ìbọ̀wọ́ kọ́ sí ìṣó tó wà lókè àga Emil. Verna fi ọwọ́ ọ̀tún mú sọ́séèjì kan, ó gbé ọwọ́ òsì lé itan kí ọ̀rá má bàa bo òórùn òróró ìbọ̀wọ́ tó wà lára rẹ̀. Ó jẹ ẹ́ tán, ó ní kí wọ́n mú òmíràn wá.